Ojú Lọ̀rọ̀ Ìtùnú Wà

Tudun Wada,
Kàdúná.

Fúnkẹ́ mi, Àdùkẹ́ ọ̀kan ṣoṣo,

Awakọ̀ Píjò tó ń ná Mínná ló mú lẹ́tà rẹ wá fún mi. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo sì ka ibi tó ṣeé kà síta fún ẹ̀gbọ́n rẹ Dárè. Ara wa le níhìn-ín. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń là, àmọ́ kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, kí n sì kí ọkọ rẹ. Ó ní tí òun bá mú bírò, ọ̀rọ̀ òun ò ní kún ìlàjì ojú ewé, kí n máa bá tèmi lọ.

O kọ̀wé pé láti ìgbà tí o ti wọ ilé Dèjì, ọmọ rẹ̀ Ìtùnú kì í fẹ́ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò lè dá jókòó, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ti kú. O ní á máa sunkún, á máa wúkọ́, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ kí oúnjẹ má lọ há a lọ́fun. O ní ìyá Dèjì ti ránṣẹ́ pé tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, òun yóò wá gbé ọmọ náà lọ sí abúlé, kí ìyàwó tuntun lè ráyè bí tirẹ̀. O wá bi mí pé, "Màmá, ṣé kí n jẹ́ kó máa lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí mo lè fi rán awakọ̀ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó.

Dárè tí ìwọ mọ̀ ni Dárè tó ti dàgbà díẹ̀, tí gbogbo wa ti gbọ́ èdè rẹ̀. O kò sí níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ ìkókó. Ìrọbí rẹ̀ pẹ́, nígbà tó sì jáde, kò ké. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n bí lásìkò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ń rá kiri àgbàlá, ọrùn tirẹ̀ ṣì ń mì lórí èjìká mi. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé ọpọlọ tó ń darí ara rẹ̀ ló fara pa nígbà ìbí, pé kì í ṣe àìsàn tó máa wá tó máa lọ, pé kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ bi í pé, "Dókítà, ìgbà wo ni yóò rìn?" Ó ní òun ò lè sọ bóyá yóò rìn. Ó wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ẹ lè jẹ́ kó gbé ayé tó dára." Bàbá rẹ ò gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn lọ́jọ́ náà. Èmi náà ò gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kó tó wọ̀ wá létí.

Wọ́n ní ká máa lọ rí obìnrin kan ní ọsibítù náà tó ń kọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Rifkatu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ apá Zonkwa. Mo rò pé ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fà. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní kí n fún un lóúnjẹ lójú òun. Mo tẹ́ Dárè sórí itan mi bí a ti í ṣe, ojú rẹ̀ kọ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da kókó sí i lẹ́nu. Ló bá gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ní, "Màmá Dárè, ẹ gbé ojú yín sókè, ẹ máa wo àjà, kí ẹ wá gbé itọ́ mì." Mo gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀fun mi fún pọ̀. Ó ní, "Ohun tí ẹ ń ní kí ọmọ ṣe nìyẹn, ẹ tún wá da omi lé e."

Fúnkẹ́, ìwọ náà gbìyànjú rẹ̀ níbi tí o jókòó sí yẹn.

Nítorí náà, èkíní: gbé Ìtùnú jókòó kó tó jẹun. Tí kò bá sí àga tó gbà á, gbé e sí itan rẹ, jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ sún mọ́ àyà. Jókòó síwájú rẹ̀ kí ojú ẹ̀yin méjèèjì ṣe déédéé. Ṣíbí kékeré ni kí o lò. Má da oúnjẹ sí i lẹ́nu, gbé ṣíbí náà sórí ahọ́n, kí o dúró. Jẹ́ kó gbé e mì kó o tó fún un ní òmíràn. Jẹ́ kí kókó rẹ̀ ki, torí omi ṣíṣàn ló máa ń yára gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Tó bá ń wúkọ́, sinmi. Tó bá jẹun tán, má tètè tẹ́ ẹ sílẹ̀. Yóò gba àkókò, mo mọ̀. Ọbẹ̀ ilé rẹ yóò jóná lọ́jọ́ míì, Dèjì á sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ikọ́ náà ò bá dẹwọ́, tàbí tí ó ń rù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má dúró kí ara rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Èkejì ni ti abúlé. Ibí ni mo fẹ́ kí o ti fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí irú rẹ̀ ti wọ inú ilé wa rí, ìwọ lo sì wà nínú mi nígbà náà.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ló wá láti Kàbà. Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara nígbà yẹn. Dárè ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin, oyún rẹ sì ti yọ. Ìyá Àgbà gbé àpò kan wá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó ní aṣọ Dárè ni òun yóò kó sínú rẹ̀. Orí ẹní tí Dárè wà ló dúró sí tó ti sọ ọ́. Ó ní, "Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Ibikíbi tí a bá gbé e sí, bákan náà ni lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ, kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́ ti oyún inú." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkórìíra. Àánú mi ló ń ṣe é. Bàbá rẹ ń wo ilẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ni. Èmi wọ ilé ìdáná lọ, mo lọ ń ṣa ẹ̀wà tí mo ti ṣà tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá dígí ojú rẹ̀ tì. Ó tú ibùsùn, ó gbọn ìró, ó ní àwọn ọmọ àdúgbò tó ń wọlé wá bá Dárè ṣeré ló gbé e. Dárè jókòó sínú àga pákó tí káfíńtà bá wa kàn fún un, ó ń wò ó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Á wo Ìyá Àgbà, á wo fèrèsé, á tún wo Ìyá Àgbà, á wo fèrèsé. Mo rí i, mo sì ti ń rí irú rẹ̀ tipẹ́ láìfi ṣe nǹkan kan. Ìyá Àgbà ló dúró. Ó ní, "Kí lò ń wò?" Dárè tún wo fèrèsé. Màmá náà rìn lọ síbẹ̀, ó ká aṣọ fèrèsé sókè, dígí rẹ̀ wà lórí etí ibẹ̀, níbi tó gbé e sí nígbà tó ń bọ́jú.

Ó gbé e sójú. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àga náà, ti òun ti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ní, "O ti mọ ibi tó wà látàárọ̀?" Dárè gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń ṣàn dé àyà rẹ̀. Ìyá Àgbà fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ yìí ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ tí mo ti dé." Ó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ó ní, "Má bínú, ọkọ mi."

Òun ló dá èdè ojú tí gbogbo wa ń sọ nínú ilé yìí sílẹ̀. Kó gbé ojú sókè, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Kó di ojú, rárá ni. Ó kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọmọ ní oríkì, á bi í léèrè ọ̀rọ̀ kékeré kékeré: ṣé ebi ń pa ọ́, ṣé oòrùn ń ta ọ́, ṣé kí n lé ọmọkùnrin yìí lọ. Kó tó pẹ́, Dárè ti ń bá a jà. Tí ó bá bi í bóyá ó yó, tí kò sì yó, á di ojú pinpin kó má baà gbé àwo kúrò. Òun ló gbé Dárè mọ́ra ní ọjọ́ tí mo lọ bí ọ. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ló tó padà sí Kàbà. Àlùbọ́sà ló kó kún inú àpò tó gbé wá yẹn. Ọdọọdún ló sì tún ń wá lẹ́yìn náà, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi gbà á mọ́. Ẹ̀yin ọmọ Kàdúná, tí a bá sọ Yorùbá fún yín, Hausa lẹ fi ń dá wa lóhùn. Ó máa ń sọ pé Dárè nìkan ni ọmọ nínú ilé yìí tí kì í fi Hausa dá òun lóhùn.

Nítorí náà, má bá ìyá Dèjì jà. Má sọ fún un pé kò ní gbé ọmọ lọ. Pè é wá. Kí Dèjì kọ̀wé sí i pé kó wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ yín. Nígbà tó bá dé, gbé ṣíbí lé e lọ́wọ́. Jẹ́ kó fún ọmọ náà lóúnjẹ, kó wẹ̀ fún un, kó jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ nǹkan, wọn ò jókòó tì í rí. Tó bá rí gbogbo rẹ̀ tán, tó ṣì ní òun yóò gbé e lọ, Dèjì ni kó fi ọ̀wọ̀ dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Má jẹ́ kó sá sẹ́yìn rẹ. Ìyàwó tó bá bá ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe irú ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní parí láyé.

O bi mí bóyá kí o jẹ́ kó lọ. Rárá, ọmọ mi. Oògùn gìrì tí o kọ pé ó ń lò, ta ni yóò máa rántí rẹ̀ ní abúlé? Tí gìrì bá gbé e, báwo ni wọn yóò ṣe tètè rí dókítà? Àti pé ọmọ yìí ti pàdánù ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí ló mú mi dé orí ẹkún tí o sọ. Ìwọ rò pé ó kórìíra rẹ. Ọmọ tí kò lè na ọwọ́, tí kò lè pe ènìyàn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni gbogbo ayé rẹ̀. Ọwọ́ tó mọ ibi tí ọrùn rẹ̀ ti ń dùn ún, ọwọ́ tó mọ ìgbà tí ó yó, ọwọ́ yẹn ò sí mọ́, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé fún un. Ṣàlàyé fún un. Sọ fún un pé, "Ìyá rẹ kú. Ó fẹ́ràn rẹ. Èmi ni Fúnkẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ ni." Má yọ fọ́tò ìyá rẹ̀ kúrò lára ògiri, ohun yòówù kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa sọ. Bi Dèjì léèrè bí obìnrin náà ṣe ń gbé e, àti orin tó ń kọ fún un. Tí Dèjì bá ní òun ò mọ̀, a jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ti yá nìyẹn. Kó máa wẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bàbá rẹ ń ṣe é, kò sì dín ọkùnrin kù.

Nípa oògùn gìrì náà: ẹ má dá a dúró nítorí pé gìrì kò gbé e fún ìgbà pípẹ́. Oògùn yẹn ni kò jẹ́ kó gbé e. Dókítà nìkan ló lè ní kí ẹ dín in kù. Àwọn kan yóò wá tí wọn yóò ní ẹ̀mí kan ló wà lára rẹ̀. Nígbà kan, ìyá kan nínú ìjọ wa, èrò rere ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó ní kí Dárè gba ààwẹ̀ pẹ̀lú wa. Bàbá rẹ tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ dìde ní ìjókòó, ó ní, "Ẹ ṣeun mà. Ẹ gbàdúrà, a ó ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi á jẹun." Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ. Ẹ gba àdúrà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa á, tàbí kó nà án, nítorí àdúrà.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí o ní ó máa ń gan kọjá ara wọn bí àlùmọ́gàjí: má fi agbára là á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ fún un, fi òróró ra ibẹ̀, kó o máa bá a sọ̀rọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi dẹ̀, ìgbà náà ni kí o rọra yà wọ́n. Béèrè ní ọsibítù tó wà ní Mínná bóyá wọ́n ní irú Rifkatu, kó fi bí o ó ṣe ṣe é hàn ọ́ lójú. Máa yí i padà níbi tó bá dùbúlẹ̀ sí, kí ara rẹ̀ má baà bó. Fọ eyín rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé eyín.

Mú un jáde síta. Ìwọ mọ̀ pé kíláàsì mi ni Dárè jókòó sí nígbà tí mo ń ṣe tíṣà. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà fún mi, ó ní kí n kàn wá ibi tí àga rẹ̀ kò ti ní dí ọ̀nà. N ó béèrè ìṣirò, n ó ka ìdáhùn mẹ́ta fún un, á gbé ojú sókè sí èyí tó tọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kọ́ èdè ojú náà kíá ju àwọn tíṣà lọ. Wọ́n tilẹ̀ fi ń jí ìdáhùn wò lára rẹ̀. Bí ilé-ìwé kan bá kọ Ìtùnú, lọ sí òmíràn. Bí gbogbo wọn bá kọ̀ ọ́, kọ́ ọ nílé, tíṣà ló bí ọ.

Tí Ọlọ́run bá fún ọ ní ọmọ tìrẹ, má sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ Ìtùnú. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o sáré wọlé wá bá mi tí o ní, "Mama, na gaji"? Mo ní kí ló rẹ̀ ọ́. O ní jíjókòó ti Dárè, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wà níta. O ń wò mí bí ẹni tó ń retí ìgbájú. Mo ní, "Lọ ṣeré." O dúró síbẹ̀, o rò pé mo ń dán ọ wò ni. Nígbà tí o padà wọlé, ẹsẹ̀ rẹ kún fún erùpẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo kọ́kọ́ lọ, o ń rò fún un bí o ṣe borí gbogbo wọn. Inú rẹ̀ dùn sí ìròyìn yẹn ju kí o jókòó tì í pẹ̀lú ìbínú lọ.

Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìyá Sani tó wà ní ilé kejì sí wa máa ń wá gbé Dárè ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ lọ sí àgbàlá wọn, láàárín àwọn ọmọ tirẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, mò ń kọ́ ọ ní bí yóò ṣe dì í mú. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Haba, jeki ki kwanta." Kí n lọ sùn. Mo sùn lọ́jọ́ yẹn bí òkúta. Wá Ìyá Sani tìrẹ ní Mínná, má sì tijú láti béèrè. Ìyá tí kò sùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọmọ á sì mọ̀ ọ́n.

Dárè ti gùn báyìí débi pé bàbá rẹ àti ọmọ Ìyá Sani ló ń gbé e pọ̀. Abẹ́ igi dóńgóyárò ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú rédíò rẹ̀, àwọn tó ń kọjá á kí i pé, "Dare, yaya dai?" á gbé ojú sókè fún wọn. Kò rìn. Kò sọ̀rọ̀. Òtútù ọyẹ́ á máa yọ ọ́ lẹ́nu ní àyà, ẹ̀rù ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn wa sì máa ń bà mí, n ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ayé tí dókítà náà sọ, ó ń gbé e. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ fún un, mo bi í bóyá kí n sọ fún ọ pé kí o gbé Ìtùnú wá bá wa lo ọdún Àjíǹde. Ó gbé ojú sókè kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ mi, n ò ní sọ fún ọ pé yóò rọrùn. O yan ọkùnrin tó ní ọmọ, o sì mọ ọmọ náà kí o tó wọlé. Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n fi ọmọ yẹn lé lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run fún ọ ní sùúrù, kó fún ọkọ rẹ ní ojú àánú, kó sì jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀nà tó yẹ lọ.

Ohun kan ló kù. Nínú lẹ́tà rẹ, o sọ fún mi pé Ìtùnú kì í rìn, kì í jókòó, kì í sọ̀rọ̀, kì í fẹ́ jẹun. Mo ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. O kò sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Jókòó tì í títí o ó fi mọ̀ ọ́n, kí o wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni ìyá rẹ̀ àgbà, mo fẹ́ mọ ọmọ mi.

Èmi ni,
Màmá rẹ.